Kò Kú Lọ́jọ́ Tó Já: Àkọsílẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kékeré Kan

Ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ. Àyè tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà 7.5, tòun ti sàlẹ́ńsà rẹ̀, kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì kílò. Jàpáàn ni wọ́n ti ṣe é. Ọwọ́ bàbá kan ló wà, ọmọ Yorùbá tó wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wa bàálù onírìmóòtù lórí pápá kan ní Essex. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ojúlùmọ̀ tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe lórí tábìlì kan lẹ́yìnkùlé mi. Bàbá gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ohun tó bẹ̀ mí kò ju pé kí n má dárúkọ òun.

Oṣù kẹwàá ni bàálù náà já. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi katakata ro sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wọn, amọ̀ ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Bàálù gbéra dáadáa, ó ń gòkè, kò tíì ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì. Bàbá bá yí i padà kó lè bà sórí pápá. Àmọ́ bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú níbi tó ti ń gun òkè kò ní eré tó lè fi ṣẹ́ kọ̀rọ̀. Apá rẹ̀ kan rọ̀, ó dorí kodò, ó sì fi imú gún oko náà. Imú fọ́, apá òsì ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì rì sínú amọ̀ títí dé ẹnu kábúrétọ̀. Táǹkì epo wà lẹ́yìn pákó tí wọ́n de ẹ́ńjìnnì mọ́, wọ́n ti fi fóòmù wé e, kò sì sí ìlà kan lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an ni ìdajì wákàtí tó tẹ̀lé e. Bàbá fa ẹ́ńjìnnì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó sì di kùkùté abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù tó kù mú, ó yí i. Ó ní òun gbọ́ ohùn kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń jẹ ẹ̀wà tí wọn ò ṣa òkúta rẹ̀.

"Ṣé ẹ wá dá a dúró, Bàbá?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè ni. Mo da epo díẹ̀ sí i lẹ́nu, mo tún fi sítátà yí i bí ẹ̀ẹ̀mejì."

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á mọ ìdí tí yíyí yẹn fi burú tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní fílítà tó ń sẹ́ ekuru kúrò nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé inú. Eléyìí kò ní. Kíráńkì rẹ̀ ní ihò nínú bí ọ̀pá oparun. Orí kíráńkì yìí gan-an ni kábúrétọ̀ jókòó sí, fèrèsé kan sì wà lára kíráńkì níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá gba ẹnu kábúrétọ̀ wọlé yóò gba inú kíráńkì lọ sẹ́yìn, yóò kan bẹ́rìn ńlá tó wà lẹ́yìn, yóò kan kọ́nróòdù, kó tó gòkè lọ bá písítìn. Amọ̀ tó dúró sí ẹnu kábúrétọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀. Yíyí ló ń fà á wọlé. Yíyí ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti gbé iyanrìn dé ibi tí ó ti lè ha irin.

Ìyẹn nìkan kọ́. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ríìngì lára písítìn. Alumíníọ̀mù ni písítìn, idẹ tí wọ́n fi kúrómù bò nínú ni sílíìfù, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe sílíìfù náà kó fún díẹ̀ sí i lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, písítìn á máa há díẹ̀ tó bá dé òkè pátápátá. Ìgbà tí iná bá mú ún ni sílíìfù á fẹ̀ tó fún un. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó irun orí. Iyanrìn tó bá wọ ibẹ̀ kò ríbi sá lọ.

Lẹ́yìn náà Bàbá fi ẹ́ńjìnnì sínú ọ̀rá búrẹ́dì, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, ó sì gbé e sórí pẹpẹ nínú ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rá yẹn á dáàbò bò ó. Òtútù dé, òtútù lọ. Oṣù kẹfà ló gbé e wá bá mi. Oṣù mẹ́jọ gbáko.

Epo tí ẹ́ńjìnnì yìí ń mu kì í ṣe bẹntiróòlù. Mẹ́táńọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ òróró. Nitromethane díẹ̀, kẹ́míkà tó ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, sì wà níbẹ̀, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lèyí tí Bàbá ń lò. Mẹ́táńọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Nitromethane ní tirẹ̀, tó bá jó tán, a máa fi ásíìdì díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Ilé pákó tí kò ní iná amúlémóoru ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin inú rẹ̀ á tutù lóru, omi á sì sẹ̀ sí i lára lówùúrọ̀ bí ìrì. Ọ̀rá tí Bàbá so pinpin kò lé ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí síta. Ńṣe ló ti olè mọ́lé pẹ̀lú onílé.

Nígbà tó gbé e kalẹ̀ síwájú mi, kò yí rárá. "Ó ti nọ́ọ̀kì," ni Bàbá wí. Èmi kò tíì fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó kọ̀ láti yí lè jẹ́ pé ìpẹtà ti dé bẹ́rìn mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iyanrìn ló há sáàárín písítìn àti sílíìfù. Ó lè jẹ́ pé kíráńkì ti wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é ju pé òróró inú rẹ̀ ti gan. Òróró lárà wà nínú epo Bàbá, lárà kan náà tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà ní ọjà wa. Ó ń dáàbò bo irin dáadáa nínú ooru gbígbóná. Àwọn bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní pàápàá lò ó. Ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ nílẹ̀, á ki, á lẹ̀, á sì dà bí oje igi. Ẹni tó bá fi púláyà fipá yí ẹ́ńjìnnì tí òróró lárà gan mọ́ yóò tẹ kọ́nróòdù, nǹkan tí ooru díẹ̀ ì bá tú sílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Torí náà mi ò yí i. Mo yọ sàlẹ́ńsà, mo yọ kábúrétọ̀, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo tú ìdérí ẹ̀yìn, mo tú orí, láìjẹ́ kí kíráńkì rìn ní ìwọ̀n irun. Mo fọ gbogbo rẹ̀ níta gbangba pẹ̀lú mẹ́táńọ́ọ̀lù mímọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, nínú abọ́ funfun kan. Ìdí tí mo fi ń lo abọ́ funfun ni pé ó máa ń sọ òótọ́. Nígbà tí omi rẹ̀ rò sílẹ̀, iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ abọ́ lé ní ṣíbí tíì kan, àwọn kan nínú rẹ̀ ń dán bí gíláàsì. Mo tún un fọ̀ títí abọ́ kò fi ní nǹkan kan nísàlẹ̀ mọ́. Ìgbà kẹrin ni.

Kí n dúró síbí sọ ọ̀rọ̀ kan nípa mẹ́táńọ́ọ̀lù, nítorí mo ti rí àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán fọ nǹkan nínú rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. A máa gba ara wọlé, a máa gba imú wọlé. Àwa tí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú ogógóró fọ́ àwọn èèyàn lójú tó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kìlọ̀ fún wa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ jókòó síta. Tó bá sì gbiná ní ọ̀sán, ẹ lè má rí ọwọ́ iná rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ṣan án, mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Mo wá fi ẹ̀rọ ìgbẹrun tí àwọn onídìrí ń lò fẹ́ ooru sí i lára fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Písítìn rọ̀. Mo fi igi pẹlẹbẹ ti sílíìfù sókè láti ojú èéfín, ó sì jáde wẹ́rẹ́. Òróró lárà ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bàbá tó jókòó tì mí rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka tọ́ kíráńkì báyìí, bẹ́rìn ẹ̀yìn ń ké, ó ń rìn ní tẹ̀ẹ̀kan-tẹ̀ẹ̀kan bí àgbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Ìpẹtà nìyẹn.

Mo gbé sílíìfù sójú fèrèsé. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Méjì fẹ́lẹ́, èékánná kò mọ̀ wọ́n. Ẹ̀kẹta jìn, èékánná kọ́ ọ nísàlẹ̀ ojú èéfín, ó tún kọ́ ọ díẹ̀ lókè rẹ̀, àmọ́ kó tó dé ibi tí sílíìfù ti ń fún, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ dànù. Mo ronú lórí èyí fún ọjọ́ méjì. Sílíìfù àti písítìn kì í ṣeé rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí wọ́n ti yọ̀ wọ́n fún ara wọn láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá rà wọ́n yóò ra méjèèjì pọ̀, owó wọn sì súnmọ́ ìdajì owó ẹ́ńjìnnì tuntun. Òkè ni agbára wà nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Bí òkè bá ṣì ń fún, yóò ṣiṣẹ́. Mo sọ fún Bàbá pé a ó fi èyí tó wà lọ síwájú, pé agbára rẹ̀ kò ní pé bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì gbà.

Láti yọ kíráńkì àti bẹ́rìn, ooru ló kù. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin tí ooru bá mú àwọn méjèèjì. Mo ní ófùn kékeré àlòkù kan tí mi ò jẹ́ kí oúnjẹ dé inú rẹ̀. Mo gbé ara ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má gbàgbé pé mo ti jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan: oru tó ń jáde lára mẹ́táńọ́ọ̀lù lè gbiná láti nǹkan bí ìwọ̀n 11 lórí òṣùwọ̀n kan náà, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ 150. Nígbà tí mo mú un jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kíráńkì já bọ́, bẹ́rìn ẹ̀yìn sì bá a já bọ́. Àwọn tó ń fi òòlù lù ú látòótútù ń ba ibi ìjókòó bẹ́rìn jẹ́, ibi ìjókòó yẹn kò sì ní ìtúnṣe.

Bẹ́rìn ẹ̀yìn ti pọ́n bí epo pupa tó gbẹ sára ìkòkò. Àwọn ọta inú rẹ̀ ní ojú tí ìpẹtà ti jẹ, kò yí roboto mọ́. Bẹ́rìn iwájú kò burú tó bẹ́ẹ̀, torí ó ní ìdérí, àmọ́ mo ti pinnu pé méjèèjì ni n ó pààrọ̀. Mo gbé kíráńkì sórí igi oníhò V méjì, mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀n kàn án ní iwájú, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀: kò fì tó 0.03 mìlímítà. Kò wọ́. Pákó àti abẹ̀bẹ̀ ló gba ìjà náà.

Etí tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó ni mo wá bẹ̀rù. Tí etí yẹn bá sán, ara ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Mo ṣe ohun tí ọ̀gá mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìbàdàn kọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọmọṣẹ́: mo fi kẹrosíìnì pa etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jẹ́ kó wọlé, mo nù ún gbẹ, mo wá bu lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì sí i. Níbi tí irin bá ti sán, kẹrosíìnì á máa sun jáde bọ̀, á sì fa ìlà dúdú sára funfun. A dúró fún wákàtí kan. Ìlà kankan kò yọ.

Kábúrétọ̀ ní tirẹ̀ jẹ gbèsè. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn epo ti tẹ̀, rọ́bà roboto tó wà nídìí rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti sán. Mo pààrọ̀ wọn. Mo sọ púlọ́ọ̀gì sínú agolo àlòkù láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìyẹn ni àṣìṣe mi nínú iṣẹ́ yìí, n ó sì padà sí i.

Bẹ́rìn tuntun sùn sínú fírísà di ọjọ́ kejì. Mo gbé ara ẹ́ńjìnnì padà sínú ófùn, mo sì ju bẹ́rìn tútù sínú rẹ̀ nígbà tó gbóná. Wọ́n wọlé láìsí pé a lu ohunkóhun, ohùn kékeré "tọ́" ni mo gbọ́. Kọ́nróòdù àti sílíìfù padà sí ojú tí mo ti sàmì sí kí n tó tú wọn. Ẹni tó bá fi sílíìfù sí ojú òdì, ihò epo àti ihò èéfín kò ní bára mu, yóò sì fi gbogbo ọjọ́ yí sítátà.

Mo dè é mọ́ pákó ìdánwò mi pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tuntun 11x6 (ínṣì 11 ni gígùn rẹ̀, ínṣì 6 ni ìwọ̀n bó ṣe yẹ kó rìn síwájú ní yíyí kan), mo so táǹkì ìdánwò mi mọ́ ọn, mo sì gbé iná volt 1.5 lé púlọ́ọ̀gì lórí. Nígbà kẹta tí mo tọ́ ọ, ó mú. Mo jẹ́ kó mu epo yó lákọ̀ọ́kọ́, fún ìṣẹ́jú kan-kan, kó máa sinmi láàárín wọn, kí bẹ́rìn mọ ibi ìjókòó wọn. Nígbà tó ṣe, mo sé epo kù díẹ̀díẹ̀. Ó yí ní ìgbà 11,600 ní ìṣẹ́jú kan. Irú rẹ̀ kan náà tí mo ní, tí sílíìfù rẹ̀ kò ní ìlà, ń sáré 12,000 pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ kan náà. Ibi tí ìlà jíjìn yẹn ń ná owó sí nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó mu táǹkì méjì tán láìkọsẹ̀. Mo gbé e fún Bàbá, ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló pè mí láti orí pápá. Ó ti kan bàálù mìíràn, ó ti de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Ó ní ó ń mú dáadáa, ó ń sáré dáadáa, àmọ́ tí epo bá ti dé ìdajì, á ké wọ́ọ́ọ́ bí ẹni ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì kú. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta lórí ilẹ̀, a dúpẹ́ pé kò tíì gbé e gbéra. "Ọmọ mi, mo rò pé bẹ́rìn tuntun yẹn ni o. Ó ń há tó bá gbóná." Àwọn tó dúró tì í ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Èmi náà fẹ́ẹ̀ gbà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nǹkan, ibi tó fọwọ́ kàn ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Mo ti kó irinṣẹ́ jáde láti tún ẹ́ńjìnnì náà tú nígbà tó gbé e dé. Ohun tó dá mi dúró ni ọ̀rọ̀ "ìdajì" yẹn. Bẹ́rìn kò mọ bí epo ṣe kù sí nínú táǹkì. Ooru kò mọ̀ ọ́n. Mo bá tú rọ́bà epo kúrò lára táǹkì Bàbá, mo so ó mọ́ táǹkì ìdánwò mi láìgbé ẹ́ńjìnnì kúrò lára bàálù. Ó mu epo títí ó fi gbẹ. Mo so ó padà mọ́ táǹkì Bàbá: ìdajì, wọ́ọ́ọ́, ó kú.

Mo yọ táǹkì náà, mo sì gbé e sókè sí oòrùn. Nínú táǹkì irú bàálù yìí, rọ́bà rírọ̀ kan wà nínú, irin wúwo wà lórí rẹ̀ bí òjé àwọ̀n ẹja, kí ó lè máa tẹ̀lé epo lọ síbi tí epo bá lọ. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kó sùn sí. Ti Bàbá ti ṣẹ́ po, ó sùn síwájú, irin náà sì há sábẹ́ ìdérí. Ọjọ́ tí bàálù fi imú gún oko ni irin yẹn fò síwájú, kò sì padà mọ́. Ojú kì í rí i láti ìta, torí pé táǹkì náà kò sán, kò sì ń jò. Bàbá ti yọ ọ́ lára bàálù tó fọ́, ó ti nù ún mọ́, ó sì ti gbé e sínú tuntun. Níwọ̀n ìgbà tí epo bá kún bo iwájú, ẹ́ńjìnnì ń rí mu. Tó bá ti fà, afẹ́fẹ́ ni yóò máa mu. Wọ́ọ́ọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ni ìgbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ.

Rọ́bà tuntun, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún láti fi sí i. Tí mo bá ti tú ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́ẹ̀kejì, n bá tún kó bẹ́rìn tuntun jáde, n bá pààrọ̀ wọn, n bá sì dá a padà síbi táǹkì kan náà.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà sínú agolo àlòkù lọ wá púlọ́ọ̀gì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ tó já. Láti 1947 tí Ray Arden ti gbé irú púlọ́ọ̀gì yìí jáde sí ọjà ní Amẹ́ríkà, wáyà kékeré onípílátínọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ló ń gbé iná kiri lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì. Bó ṣe rí máa ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe jẹun sí. Èyí tó ń mu epo dáadáa á máa dán. Ti Bàbá ti ṣú, ojú rẹ̀ rí gbúngbùngbún bí ẹni pé wọ́n fín eérú sí i. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ kéré ju afẹ́fẹ́ lọ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe sé abẹ́rẹ́ epo láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun sé e títí ó fi sáré jù lọ, òun sì fi í síbẹ̀. Ṣé ó gbé imú bàálù sókè kó tó jẹ́ kó lọ? Kò gbé e.

Imú bàálù tó bá ń gun òkè ga ju táǹkì rẹ̀ lọ, epo sì nira láti fà. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìwọ̀n gan-an lórí ilẹ̀, epo rẹ̀ á kù díẹ̀ káàtó lókè. Ohun tó pa á láàárín ìgòkè nìyẹn, ó sì wà lára púlọ́ọ̀gì tí mo sọ nù láti ọjọ́ kìíní.

Àwọn ohun tí mo ń ṣe yàtọ̀ látìgbà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fo ọ̀kan rí. Púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tó bá já, inú ìwé pélébé ni mo ń dì í sí, n ó sì kọ déètì sí i. Mo ń béèrè ohun tó mú bàálù já kí n tó béèrè ohun tó fọ́. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì wá, mo ní kí wọ́n gbé táǹkì àti rọ́bà rẹ̀ wá pẹ̀lú, bó ti wù kí wọ́n mọ́ tó, mo sì máa ń dán ẹ́ńjìnnì wò pẹ̀lú táǹkì oníǹkan, kì í ṣe tèmi nìkan. Táǹkì tó bá ti bá imú bàálù wọlẹ̀, mo ń pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀ láìwò ó lójú.

Fún àwọn tó ń wà lórí pápá, mo ń sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì tó bá fẹnu kan ilẹ̀, ẹ má yí i, kódà ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fi àkísà di ẹnu kábúrétọ̀ àti ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá lè tú u lọ́jọ́ náà, ẹ yọ kábúrétọ̀ àti ìdérí ẹ̀yìn, ẹ fọ ọ́ mọ́, ẹ sì kán òróró sí bẹ́rìn. WD-40 tí ọ̀pọ̀ ń fín sí i dára láti lé omi kúrò, àmọ́ ó fẹ́lẹ́, kò ní dúró ti irin di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òróró gidi ló yẹ kó tẹ̀lé e, irú èyí tí wọ́n ń lò fún irinṣẹ́ oníafẹ́fẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń dà sínú gíà ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Kí písítìn wà nísàlẹ̀, kì í ṣe lókè níbi tí sílíìfù ti fún. Aṣọ ni kí wọ́n fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, kí ó sì sùn nínú ilé tí èèyàn ń gbé. Fún ẹ́ńjìnnì tí kò já rárá, nígbà tí ọjọ́ bá parí, kí wọ́n yọ rọ́bà epo, kí wọ́n jẹ́ kó jó èyí tó kù nínú rẹ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó kán òróró sí i.

Bàbá ń wa bàálù tuntun yẹn títí di òní. Nígbà tí òtútù tún ń bọ̀, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà wá pé kí n bá òun wò ó kó tó wọ ìsinmi. Aṣọ fúláńẹ́ẹ̀lì ló fi wé e. Mo tú ìdérí ẹ̀yìn, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: bẹ́rìn náà ń dán, òróró pupa tín-ín-rín sì wà lórí ọta kọ̀ọ̀kan rẹ̀.